Ìwàásù ìfẹ́ àti ìdájọ́ Ọlọ́run inú mẹ́mọ́rì káàdì yẹn: ẹ rà á, àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra mẹ́mọ́rì káàdì ìwàásù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé spíkà síta nínú ọjà, tèmi rèé lórí èyí tí mo rà kẹ́yìn. Ìwàásù méjìlá ló wà nínú ẹ̀, Yorùbá ni gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, orí ìfẹ́ àti ìdájọ́ Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀ sì dá lé. Bàbá àgbà kan ló wàásù ẹ̀, ohùn ẹ̀ jọ ti ará Ọ̀yọ́, wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ sára páálí, wọn ò kọ orúkọ ìjọ kankan náà, fọ́tò àgbélébùú àti òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. ₦2,500 ni wọ́n tà á fún mi, owó káàdì jíìbì 4 wà nínú ẹ̀, mi ò rò pé ìyẹn wọ́n láyé tá a wà yìí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù la ti ń gbọ́ ọ, èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi, máṣíìnì ń dún, bàbá ń wàásù, kọ́sítọ́mà tó bá wọlé á jókòó tì wá, òmíì á tiẹ̀ gbàgbé pé aṣọ lòun wá gbà.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ohùn. Ó mọ́ dé ìwọ̀n tó lè mọ́ dé. Inú ìsìn gangan ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, torí ẹ ó máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lábẹ́, ọmọdé á ké, ìyá kan sì wà níwájú tó jẹ́ pé gbogbo gbólóhùn ló máa ń fi "háà, Jésù!" gbè, nígbà tó yá èmi náà ti ń retí ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó kó fáìlì sínú káàdì yẹn ò tò ó dáadáa, Track 07 ló yẹ kó ṣáájú Track 06, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ kó máa lọ fúnra ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìbéèrè. Ìparí Track 10 náà gé lójijì, bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fújì kan já wọlé, àwọn ọmọṣẹ́ mi ti dìde jó kí n tó rí fóònù pa.

Ó yá, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Mo mọ àwọn pásítọ̀ tó jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀, Ọlọ́run ò bínú, Ọlọ́run ò rí i, ìwọ ṣáà máa bọ̀. Mo sì mọ àwọn tó jẹ́ pé iná ni wọ́n ń kó lé wa lórí láti ọjọ́ ìsinmi kan dé òmíì. Bàbá yìí ò sí nínú méjèèjì, ohun tó mú mi jókòó nìyẹn. Ẹ́kísódù orí 34 ló ti bẹ̀rẹ̀ nínú Track 01, ẹsẹ 6 àti 7, níbi tí Ọlọ́run ti kọjá níwájú Mósè tó ń pe orúkọ ara ẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ẹgbọ̀rọ̀ màlúù wúrà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni o, Mósè ti fọ́ wàláà òfin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ọlọ́run wá ní aláàánú lòun, olóore ọ̀fẹ́, òun kì í tètè bínú, òun ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì, kò tíì dánu dúró tó fi sọ pé òun kì í sì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà. Bàbá ka gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ láìsinmi, ó wá bi ìjọ pé èwo ni kóun yọ kúrò níbẹ̀? Ìjọ dákẹ́, ìyá tiwa gan-an dákẹ́. Ó ní ẹ ò lè yọ ìkankan, torí ìbínú Ọlọ́run sí ìwà ìkà, inú ìfẹ́ tó ní sí ẹni tí wọ́n hu ìwà ìkà sí ló ti ń jáde. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo káàdì náà dúró lé, tẹ́ ẹ bá ti mú un dání ẹ ó mọ ibi tí bàbá ti rìn ín dáadáa, ẹ ó sì mọ ibi tó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Track 02 ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú, ìkíni àti ìdúpẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọjá.

Track 03 tó dá lórí Jónà, àní tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú káàdì yẹn, owó yín ò ṣòfò. Ní sọ́ńdè sukúù tiwa nígbà yẹn, ẹja ni gbogbo ẹ̀, a kọrin ẹja, a ya àwòrán ẹja, a ò dé orí kẹrin rí. Orí kẹrin ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí. Ó ní ká tó bá Jónà wí, ẹ jẹ́ ká mọ irú èèyàn táwọn ará Nínéfè jẹ́ ná. Ásíríà nìyẹn, àwọn ọba wọn máa ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta láti fi yangàn, pé àwọn bó awọ ọ̀tá lára, pé àwọn to orí èèyàn jọ gègèrè sẹ́nu ibodè, àwọn náà ló ṣẹ́gun Samáríà ní nǹkan bí ọdún 722 kí wọ́n tó bí Jésù, tí wọ́n kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sígbèkùn. Àwókù Nínéfè yẹn ṣì wà ní Ìráàkì títí dòní, ní ìlú Mosul, létí odò Tígírísì.

Ọ̀dọ̀ irú èèyàn báyẹn ni Ọlọ́run ní kí Jónà lọ. Wọ́n ronú pìwà dà, ọba bọ́ aṣọ oyè, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n tiẹ̀ fi aṣọ ọ̀fọ̀ bo ẹran ọ̀sìn, Ọlọ́run dá wọn sí, inú bá bí Jónà débi tó fi ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Bàbá ní ẹ wo ohun tó sọ ní ẹsẹ 2, ó ní ṣebí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé olóore ọ̀fẹ́ ni ọ́, aláàánú, o kì í tètè bínú. Ọ̀rọ̀ Ẹ́kísódù 34 yẹn náà ni! Jónà mọ ìwé mímọ́ ẹ̀ dáadáa, ó ń fi ka ẹ̀sùn sí Ọlọ́run lọ́rùn ni. Àmọ́ àárín ló ti gé e, kò dé ibi tí wọ́n ti ní kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà, torí ó dá a lójú pé Ọlọ́run ò ní ṣe apá ibẹ̀ yẹn fún Nínéfè, ohun tó sì ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Ọlọ́run wá bi í pé ṣé kóun má ṣàánú ìlú tó ní èèyàn tó ju 120,000 lọ tí wọn ò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, àti ẹran ọ̀sìn tó pọ̀ rẹpẹtẹ? Ibẹ̀ ni ìwé yẹn parí sí, a ò mọ èsì tí Jónà fọ̀.

Ṣẹ́ ẹ rò pé ó tán. Track 04, Náhúmù. Mélòó nínú yín ló ti ka Náhúmù rí, ẹ má purọ́ o. Orí mẹ́ta péré ni. Nínéfè kan náà lòun náà ń bá wí, lẹ́yìn tí wọ́n ti padà sídìí ìwà wọn, ìlú ẹ̀jẹ̀ ló pè é. Orí 1 ẹsẹ 3, ó ní Olúwa kì í tètè bínú, agbára ẹ̀ sì tóbi, àmọ́ kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà. Ibi tí Jónà gé e sí gan-an ni Náhúmù ti mú un! Ọ̀rọ̀ kan náà tí Ọlọ́run sọ fún Mósè, wòlíì méjì pín in láàárín ara wọn lórí ìlú kan ṣoṣo. Ní 612 kí wọ́n tó bí Jésù làwọn ará Bábílónì àtàwọn ará Mídíà pa ìlú náà run, kò gbérí mọ́. Ìbéèrè ni Náhúmù náà fi parí, ó ní ta ló wà tí ìwà ìkà yín ò tíì kàn? Bàbá ní Ọlọ́run tó káàánú ọmọ kékeré àti màlúù Nínéfè náà ni Ọlọ́run tó gbọ́ igbe àwọn tí Nínéfè bó láwọ. Mo dá máṣíìnì dúró, mo ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn kí n tún un gbọ́. Látìgbà tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kò sẹ́ni tó so ìwé méjèèjì yẹn pọ̀ fún mi báyẹn rí, àwọn pásítọ̀ wa tó ti lọ sílé ẹ̀kọ́ Bíbélì ńkọ́?

Track 05 ló ti sọ ìtàn ìjọ díẹ̀. Ó sọ ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marcion, olówó ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe, ará Sinope, ìlú kan létí Òkun Dúdú ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì báyìí. Ó wọ ìjọ Róòmù, ó ta wọ́n lọ́rẹ owó gọbọi, 200,000 sesterce, owó ayé ìgbà yẹn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn pé Ọlọ́run Májẹ̀mú Láéláé tó ń dájọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni, Bàbá Jésù tó jẹ́ onífẹ̀ẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Ó da Májẹ̀mú Láéláé nù pátá, ó gé ìwé Lúùkù kúrú, ó mú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá, ó ní ìyẹn ti tó. Ní nǹkan bí ọdún 144 wọ́n lé e kúrò nínú ìjọ, wọ́n sì dá gbogbo owó ẹ̀ padà fún un. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo níbi owó dídá padà yẹn, kọ́sítọ́mà kan ní ẹ jọ̀ọ́, ìjọ wo nìyẹn kóun lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. Bàbá fúnra ẹ̀ sáré kọjá níbẹ̀ o, ohun tó ká a lára ni pé Marcion pọ̀ láàárín wa lónìí, àwọn tí wọ́n ń fi ìfẹ́ Jésù bo ìdájọ́ Bàbá mọ́lẹ̀ bí ẹni pé Bàbá àti Ọmọ ń jà. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹ bá mi fi owó yẹn sọ́kàn.

Àgbélébùú ló kàn, Track 07 tẹ́ ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́ ẹ tó gbọ́ 06. Ìbéèrè tó fi ṣí i lágbára. Ó ní Òwe 17 ẹsẹ 15 sọ pé ẹni tó bá dá ẹni burúkú láre, ìríra ni lójú Olúwa, Róòmù 4 ẹsẹ 5 wá pe Ọlọ́run ní ẹni tó ń dá aláìwà-bí-Ọlọ́run láre. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é? Ṣé Ọlọ́run wá ń ṣe ohun tóun fúnra ẹ̀ pè ní ìríra ni? Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ṣí Bíbélì, ìwé ń dún pàràpàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maíkì, ó mu omi, kò yára. Ó wá já sí Róòmù 3, ẹsẹ 25 àti 26, pé Ọlọ́run gbé Jésù kalẹ̀ ní gbangba kóun lè jẹ́ olódodo, kóun sì tún lè dá ẹni tó gba Jésù gbọ́ láre. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí àgbélébùú yẹn ni Ọlọ́run fi sọ pé òun ò fojú kéré ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kankan. Ó tún mẹ́nu ba Anselm, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ọ́ sínú ìwé tó parí ní 1098 pé gbèsè ni ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́, èèyàn ló jẹ ẹ́, Ọlọ́run nìkan ló sì lágbára àtisan án, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi di èèyàn. Ẹnì kan tó wá gé bùláàúsì ní ìyẹn yé òun ju gbogbo ìwàásù Ìrékọjá tóun ti gbọ́ lọ.

Ibi tó ti fẹ́ fi àpèjúwe gbè é lẹ́sẹ̀ ni èmi àti ẹ̀ ò ti bára wa lọ. Àpèjúwe adájọ́ yẹn ni, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, wọ́n mú ọmọ adájọ́ wá síwájú ẹ̀ lórí ẹ̀sùn olè, adájọ́ dá a lẹ́bi, ó bu fáìnì ńlá lé e, ó wá bọ́ aṣọ adájọ́ sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi owó ara ẹ̀ san án. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rí. Lọ́nà kìíní, tó bá jẹ́ ẹjọ́ ikú ni, kóòtù wo ló máa ń pa ẹlòmíì dípò ọ̀daràn? Ìsíkíẹ́lì 18 ẹsẹ 20 sì ní ọmọ ò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá, bàbá ò ní ru ti ọmọ. Mo gbà pé bàbá rí wàhálà yẹn, torí nínú Track 06 ó ṣàlàyé pé Ọlọ́run ò lọ mú ẹnì kẹta tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wá fìyà jẹ, ó ka Jòhánù 10 ẹsẹ 18 níbi tí Jésù ti ní kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fúnra òun lòun fi lélẹ̀, ó sì ka Kọ́ríńtì Kejì 5 ẹsẹ 19 pé Ọlọ́run wà nínú Kírísítì. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ló fara ẹ̀ gbé e. Ìyẹn dáa, mo gba tiẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ nínú ìtàn adájọ́ yẹn, olùpẹ̀jọ́ dà? Adájọ́ san fáìnì, ìjọba gba fáìnì, bàbá àtọmọ dì mọ́ra, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ sílé, ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ ẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó ń wò wọ́n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ká wa lára ní ṣọ́ọ̀bù nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan ládùúgbò, owó tó fẹ́ fi ra máṣíìnì lọ́jọ́ tó bá ṣe fírídọ̀mù ni, nínú owó oúnjẹ ẹ̀ ló ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Alájọ sá lọ. A ò gbúròó ẹ̀ mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yìí tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, ló bá rí alájọ níwájú pẹpẹ tó gba maíkì, ó ń jẹ́rìí, ó ní òun ti jẹ owó olówó sẹ́yìn, ayé òun ti dojú rú, àmọ́ Jésù ti dárí gbogbo ẹ̀ ji òun, wọ́n kígbe halelúyà, onílù lù, wọ́n jó yí i ká. Ọmọ yìí jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó ń wò wọ́n. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ó ní, àńtí, ṣé Ọlọ́run dúró kó ná owó mi tán kó tó dárí jì í ni?

Mi ò rí èsì fún un. Nígbà tí mo wá rí i pé orí Sákéù ni Track 08 dá lé, mo pè é, mo ní gbé aṣọ tó ò ń jó létí yẹn wá síbí, wá gbọ́ ti agbowó òde.

Ẹ̀yin ará, orí igi síkámórè ni bàbá gbà lọ. Èèyàn kúkúrú ni Sákéù, ó gungi, ìwọ náà gungi tìẹ, Jésù mọ orúkọ ẹ, ó ń pè ọ́, sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ilé ẹ ló ń bọ̀ lónìí, orin bọ́ sí i, ìjọ ń gbè, ó dùn mọ́ni lóòótọ́ mi ò ní purọ́. Lúùkù 19 ẹsẹ 8 wá dé, níbi tí Sákéù ti dìde dúró tó ní ìdajì ohun ìní òun, òun fún àwọn òtòṣì, tóun bá sì fi èrú gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Bàbá kà á bí ìgbà tí akọ̀wé ìjọ ń ka ìfilọ̀, ó bọ́ sí ẹsẹ 9, ìgbàlà wọ ilé yìí lónìí, ariwo tún sọ. Ọmọ náà gbé aṣọ ẹ̀, ó ní bàbá yìí náà ti fo owó mi.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò sọ pé Sákéù fowó ra ìgbàlà, Jésù ti ní òun ń bọ̀ wá dé sílé ẹ̀ kó tó la ẹnu rárá. Àmọ́ ẹni tí Jésù dé sílé ẹ̀ ló ṣí àpótí owó. Ẹ sì wo iye tó dá fún ara ẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù 22, ẹni tó jí màlúù tó pa á tàbí tó tà á á san márùn-ún, ti àgùntàn á san mẹ́rin. Númérì 5 ẹsẹ 7 ní ẹni tó bá jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀, kó dá odidi ẹ̀ padà, kó sì fi ìdá márùn-ún lé e. Sákéù tó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ìbá mú ti ìdá márùn-ún kò sẹ́ni tí ìbá bá a wí, ìyà olè ló mú, ìlọ́po mẹ́rin, iye kan náà tí Dáfídì bínú dá fún ọlọ́rọ̀ tó jí àgùntàn tálákà, nígbà tí Nátánì sọ ìtàn yẹn fún un tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìsíkíẹ́lì 33 ẹsẹ 15 tún wà níbẹ̀, pé tí ẹni burúkú bá dá ohun tó jí padà, á yè. Jésù fúnra ẹ̀ ní tó o bá mú ọrẹ wá síwájú pẹpẹ tó o rántí pé arákùnrin ẹ ní ohun kan sí ọ nínú, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, lọ bá a làjà ná. Alájọ tiwa ò tíì kúrò níwájú pẹpẹ títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìjọ Róòmù ayé ọjọ́un tí wọ́n lé Marcion dá owó ẹ̀ padà fún un, aládàámọ̀ ni wọ́n sì pè é o. Bàbá tó sọ ìtàn yẹn fúnra ẹ̀ ní Track 05, báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Sákéù tó gbàgbé ọ̀rọ̀ owó? Ó ti sọ fún wa nínú Track 01 pé ìfẹ́ tí Ọlọ́run ní sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló mú kó bínú, ó yẹ kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ wà nínú ìwàásù títí dé ìparí.

Ká ní èmi ni mò ń wàásù, mi ò ní pe adájọ́ kankan, lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì ni mo máa kà. Orí kan ni, ẹsẹ 25, ẹ ó kà á tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Ẹrú Fílémónì kan, Ónẹ́símù, ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ó wá bá Pọ́ọ̀lù pàdé níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wà lẹ́wọ̀n, ó di onígbàgbọ́, Pọ́ọ̀lù wá ń dá a padà. Pọ́ọ̀lù fẹ́ràn ẹ̀, ọmọ mi ló pè é, ó ní ọkàn òun gan-an lòun ń rán bọ̀ yẹn. Àmọ́ kò kọ̀wé sí Fílémónì pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, Ọlọ́run ti dárí jì í. Ó ní tó bá ti ṣẹ̀ ọ́, tàbí tó jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn, èmi Pọ́ọ̀lù ló fọwọ́ ara mi kọ ọ́, èmi ó san án. Ẹni tó jẹ gbèsè wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ san án wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n tì síta. Mo kà á fún ọmọ yẹn lórí fóònù mi, ó ní ta ló wá máa kọ tòun, mo ní pásítọ̀ tó gbé maíkì fún alájọ yẹn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Track 09 àti 10, ọ̀run àpáàdì, ẹ lè fò wọ́n. Bàbá tó ti ń fara balẹ̀ látẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, spíkà ń han, ó wá ń ka àwọn tó ń lọ síbẹ̀, obìnrin tó ń wọ ṣòkòtò, èyí tó ń kun ètè, èyí tó ń so irun àmúso. Ṣòkòtò obìnrin ni mò ń rán lọ́wọ́, mi ò kúkú dúró. Nínú gbogbo àwọn tó kà yẹn kò sí alájọ, kò sí onílé tó jẹ owó ayálégbé, kò sí ọ̀gá tó jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́. Nígbà tí fújì já wọlé, kò sẹ́ni tó bínú.

Track 11 ló ti tún ara ẹ̀ ṣe. Opó inú Lúùkù 18 ni, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, pé kó gba òun lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ òun jẹ. Ó ní ẹ wò ó, opó yìí ò sá fún ìdájọ́, òun ló ń wá a kiri. Ó so ó mọ́ àwọn tí wọ́n pa nínú Ìfihàn 6 tí wọ́n ń kígbe lábẹ́ pẹpẹ pé Olúwa, yóò ti pẹ́ tó, ó wá ka Sáàmù 96, níbi tí wọ́n ti ní kí pápá yọ̀, kí gbogbo igi inú igbó hó fún ayọ̀, torí Olúwa ń bọ̀ wá ṣèdájọ́ ayé. Igi ń yọ̀ pé adájọ́ ń bọ̀! Èmi tí mo ti kọ sáàmù yẹn lórin lójú ìsìn tipẹ́tipẹ́, mi ò tíì fiyè sí ohun tí igi ń tìtorí ẹ̀ yọ̀ rí. Ọmọṣẹ́ mi yẹn gbọ́ ọ dópin, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ òun ló ní ká tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

Track 12, àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà, Mátíù 20. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ gba owó ọjọ́ kan, ẹni tó dé nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀ gba owó ọjọ́ kan. Bàbá ní wọn ò rẹ́ ẹni àkọ́kọ́ jẹ, iye tí wọ́n bá a ṣàdéhùn ni wọ́n fún un, ti ẹni ìkẹyìn ni ọ̀làwọ́. Ìjà sọ ní ṣọ́ọ̀bù o, ẹni tó máa ń wá bá wa ránṣọ lásìkò ọdún tá a máa ń sanwó fún ní òun ò gba ìyẹn, pé kí n dán an wò lásìkò Kérésì kí n rí i bóun ò ní palẹ̀ mọ́, àwọn ọmọṣẹ́ kéékèèké sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí. A ò tíì parí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n gbé Track 04 sí i fún yín lójú ọjà kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ẹnì kan ládùúgbò wa ra irú ẹ̀ tí Náhúmù ò sí nínú ẹ̀ rárá, Jónà ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí fóònù kíákíá, irú káàdì yìí kì í pẹ́ kó tó máa sọ pé ẹ fọ́máàtì òun. Ẹ má ná an kọjá ₦2,500 o. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ bàbá tó wàásù yìí, ẹ bá mi kí i dáadáa, ẹ ní àwọn télọ̀ kan ní àwọn ń retí Track 13, Lúùkù 19 ẹsẹ 8 nìkan, kó má gungi mọ́.